Èló Ni Béèlì? Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹjọ́ Oògùn Olóró àti Àsìkò Tí Òfin Fún Wa

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Kìṣí níbí wá bá mi nílé. Kò tíì jókòó tó fi kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, èló ni béèlì?" Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọlọ́kadà, ló gbé èrò kan pẹ̀lú ẹrù láti ọ̀nà Ìgbòho. Wọ́n dá wọn dúró lójú ọ̀nà, wọ́n tú àpò ẹrù náà, wọ́n bá igbó níbẹ̀. Èrò bẹ́ sílẹ̀, ó sá lọ. Ọlọ́kadà ni wọ́n mú. Ẹnìkan tó ní òun mọ ọ̀nà wá sọ fún ìyá yìí pé kó lọ wá owó wá, pé owó béèlì ni. Ó ti gba èsúsú rẹ̀, ó tún ti lọ yá sí i.

Mo ní kó dìde, kó jókòó, kó mu omi. Mo bi í pé, "Ta ló ní kó o san owó yẹn? Ṣé adájọ́ ni?" Ó ní rárá, pé ọmọ òun ò tíì fojú kan adájọ́. "Ṣé wọ́n á fún ọ ní rìsíìtì?" Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé.

Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Ẹ̀yin tí mo kọ́ mọ̀ pé èdè ni iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú yín ti di lọ́yà, ẹ̀yin ni mo sì pè lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí ẹ sọ fún mi, pẹ̀lú ohun tí èmi fúnra mi kà nínú ìwé òfin, ni mo kó jọ síbí, nítorí mo mọ̀ pé wọn yóò bi àwọn mìíràn nínú yín ní ìbéèrè kan náà.

Kí ni béèlì gan-an?

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu: "Mo fi owó béèlì ọmọ mi." Gírámà rẹ̀ kò yàtọ̀ sí "mo fi owó ra ẹran." Owó jáde, ohun tí a fẹ́ wọlé, ọ̀rọ̀ parí. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí lọ́kàn ẹni tó ń sọ ọ́. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé bí a bá ti san owó yẹn, ẹjọ́ ti kú nìyẹn.

Òfin kò ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀. Ìlérí ni béèlì. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ń ṣèlérí pé ọjọ́ tí kóòtù bá pe òun, òun yóò wá. Yorùbá sì ti ní ọ̀rọ̀ tó bá a mu ju béèlì lọ: onídùúró. Ẹ tú u palẹ̀: oní, ìdúró. Ẹni tó dúró ni. Kò ra nǹkan kan. Ohun tó ń sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ kó máa lọ sílé. Mo mọ̀ ọ́n, mo mọ ilé ẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá ní kó wá, tí kò bá wá, èmi ni kí ẹ bi." Iye owó tí adájọ́ bá dárúkọ ni iye tí onídùúró lè pàdánù bí ẹni tó dúró fún bá sá lọ. Bí kò bá sá, kò san kọ́bọ̀. Bí adájọ́ bá tilẹ̀ ní kí wọ́n fi owó pamọ́ sí kóòtù, owó náà yóò padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín nígbà tí ẹjọ́ bá parí.

Ẹ má sì fi onídùúró wé ìwọ̀fà. Láyé àwọn baba wa, ẹni tó jẹ gbèsè lè fi ọmọ rẹ̀ sọfà, ọmọ náà á sì máa ṣiṣẹ́ fún olówó títí wọn yóò fi san gbèsè tán. Ara ẹnìkan ló ń dúró fún ọ̀ràn ẹlòmíràn. Òfin tó ń darí ẹjọ́ ọ̀daràn ní àwọn kóòtù ìjọba àpapọ̀, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní ACJA, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2015, ti kọ irú èyí sílẹ̀ nínú abala 7: ẹ kò gbọdọ̀ mú ìyá dípò ọmọ, ẹ kò gbọdọ̀ mú àbúrò dípò ẹ̀gbọ́n. Abala 167 nínú òfin kan náà tún sọ pé wọn kò gbọdọ̀ kọ onídùúró nítorí pé obìnrin ni. Ẹni bá ń sọ fún yín pé "obìnrin kì í gba béèlì" ń sọ àṣà tẹ́ṣàn ni, kì í ṣe òfin.

Ṣé béèlì wà fún ẹjọ́ oògùn olóró?

Ó wà. Ṣùgbọ́n kò rọrùn bíi ti ẹni tó jí adìẹ.

Òfin tó dá àjọ NDLEA sílẹ̀ jáde ní ọdún 1989. Ìjìyà inú rẹ̀ le. Ẹni tó bá ń kó oògùn olóró wọlé, tó ń ṣe é, tàbí tó ń tà á lè gba ẹ̀wọ̀n gbére. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ní in lọ́wọ́ lè gba ọdún 15 sí 25. Òfin náà sì sọ pé Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ nìkan ló lè gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ACJA ti ìjọba àpapọ̀ ló máa ń darí ẹjọ́ náà, kì í ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe fúnra rẹ̀ ní 2016.

ACJA pín béèlì sí ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ̀sùn tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú, béèlì rẹ̀ ṣọ̀wọ́n gidi. Ẹ̀sùn kékeré tí ìjìyà rẹ̀ kò ju ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta lọ, ẹ̀tọ́ ni béèlì rẹ̀. Àárín ni ẹjọ́ oògùn olóró bọ́ sí. Ẹ̀wọ̀n gbére le lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ikú. Abala 162 sọ pé kí adájọ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní béèlì bí ó bá bẹ̀bẹ̀ fún un, àfi bí ìdí bá wà láti gbà pé yóò sá lọ, tàbí pé yóò tún dá ọ̀ràn mìíràn, tàbí pé yóò dẹ́rù ba ẹlẹ́rìí, tàbí pé yóò ba ẹ̀rí jẹ́, tàbí pé yóò dí ìwádìí lọ́wọ́, tàbí pé yóò sọ ètò béèlì fúnra rẹ̀ di yẹpẹrẹ. Láti ìgbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti dá ẹjọ́ Bamaiyi ní 2001 ni àwọn lọ́yà ti máa ń tọ́ka sí àwọn ohun tí adájọ́ ń wò: irú ẹ̀sùn náà, bí ẹ̀rí ṣe lágbára tó, bí ìjìyà ṣe wúwo tó, bóyá ẹni náà ti dá ọ̀ràn rí.

Ẹ óò ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ fi ń gbèjà àwọn tó ń fi oògùn ba ọmọ wa jẹ́?" Mi ò gbèjà ẹnikẹ́ni. Mo mọ ohun tí oògùn olóró ń ṣe. Ìwádìí tí UNODC àti àjọ onímọ̀ ìṣirò ìjọba gbé jáde ní 2019 fi hàn pé mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn, láti ọmọ ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn nílòkulò láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà, igbó ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń lò. Ọmọ tó ń mu tramadol kó lè gun ọ̀kadà ju bó ti yẹ lọ, ojú wa ni gbogbo rẹ̀ ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ padà wo ọ̀rọ̀ kan nínú òfin yẹn: mọ̀ọ́mọ̀. "Wọ́n bá a lọ́wọ́ rẹ̀" yàtọ̀ sí "ó mọ̀ọ́mọ̀ ní in." Ibi tí gbólóhùn méjèèjì ti yàtọ̀ ni gbogbo ẹjọ́ ọlọ́kadà yẹn wà. Adájọ́ ló sì yẹ kó sọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Àwọn àgbà ti ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Wákàtí, ọjọ́, oṣù

Abala 35 ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ka àkókò fún wa. Bí kóòtù tó lágbára láti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú ènìyàn, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e dé iwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ kan. Bí kò bá sí, ọjọ́ méjì, tàbí iye ọjọ́ mìíràn tí kóòtù bá rí i pé ó bọ́gbọ́n mu.

Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn, ẹ dúró díẹ̀ lórí kìlómítà 40 yìí. Láti Kìṣí sí Ìbàdàn, níbi tí a máa ń gbé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ wa lọ, kódà bí ẹyẹ bá fò tààrà, ó ju kìlómítà 180 lọ. Ẹni tí wọ́n mú ní Ìbàdàn àti ẹni tí wọ́n mú ní Kìṣí ń ka òfin kan náà, ṣùgbọ́n aago wọn kò dọ́gba. "Iye ọjọ́ mìíràn" yẹn ni ọ̀rọ̀ wa máa ń há sí.

Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á gbé afurasí lọ sí kóòtù májísíréètì kí wọ́n lè gba àṣẹ láti fi í sí àtìmọ́lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé májísíréètì kò lè gbọ́ ẹjọ́ náà. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ ní 2007, nínú ẹjọ́ Lufadeju àti Johnson, pé irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kò lòdì sí ìwé òfin. Ṣùgbọ́n ACJA ti fi gèrè sí i: ọjọ́ 14 ni àṣẹ àkọ́kọ́. Wọ́n lè fi ọjọ́ 14 mìíràn kún un bí ìdí gidi bá wà. Lẹ́yìn náà, kóòtù gbọ́dọ̀ pe àwọn aláṣẹ kí wọ́n wá sọ ìdí tí ẹni náà fi ṣì wà níbẹ̀.

Abala 35 kan náà tún sọ pé bí wọn kò bá tíì gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó wà ní àtìmọ́lé láàárín oṣù méjì láti ọjọ́ tí wọ́n mú un, kí wọ́n tú u sílẹ̀, yálà láìsí àdéhùn tàbí pẹ̀lú àdéhùn tí yóò jẹ́ kó wá jẹ́jọ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé èyí kò pa ẹjọ́ náà. Ó kàn gbé ènìyàn kúrò ní àtìmọ́lé ni. Nígbà tí ìgbẹ́jọ́ bá sì bẹ̀rẹ̀, ACJA abala 396 ní kí ó máa lọ lójoojúmọ́. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń ṣẹjọ́ kò gbọdọ̀ gba ìsúnsíwájú ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ, ọjọ́ iṣẹ́ 14 ni kò sì gbọdọ̀ ju láàárín ọ̀kan sí èkejì.

Àwọn ìlú mìíràn náà ń ka ọjọ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ti 1974 fún ìgbẹ́jọ́ ní ọjọ́ 70, pẹ̀lú àwọn ọjọ́ tí wọ́n lè yọ kúrò. Ní England, ọjọ́ 182 ni wọ́n sábà máa ń gbà láyè kí ìgbẹ́jọ́ ẹni tó wà ní àtìmọ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní kóòtù ńlá. Tiwa le ju tiwọn lọ nínú ìwé. Ẹ jẹ́ ká wá wo ilẹ̀.

Abolongo

Lálẹ́ ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá, 2021, àwọn agbébọn ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Abolongo ní ìlú Ọ̀yọ́. Ìròyìn àwọn tó sá lọ ló gba ẹnu gbogbo ayé: 837 ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn nọ́ńbà tí àjọ tó ń bójú tó ọgbà ẹ̀wọ̀n fi síta. Ènìyàn 160 ni wọ́n kọ́ ibẹ̀ fún ní 2007. Ènìyàn 907 ló wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Nínú wọn, àwọn tí adájọ́ ti dá lẹ́bi jẹ́ 64. Àwọn 843 yòókù ń retí ẹjọ́ ni. Àwọn 64 tó ti mọ iye ọdún tí wọn yóò lò kò kúrò níbẹ̀, nítorí àwọn agbébọn kò fọ́ yàrá tiwọn.

Ẹ̀sùn orísirísi ló wà láàárín àwọn 843 yẹn, kì í ṣe ti oògùn olóró nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ oṣù méjì kan náà ni gbogbo wọn ní. Ẹni tó ti lo ọdún mélòó kan láìtíì gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu adájọ́, bí wọ́n bá wá dá a láre, ta ni yóò dá ọdún rẹ̀ padà? Ẹni tó jẹ́ pé ó jẹ̀bi lóòótọ́ ńkọ́? Ẹlẹ́rìí ti kó lọ, ẹ̀rí ti sọnù, òun náà lè lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdádúró kì í ṣe ọ̀tá afurasí nìkan. Ìlú tí wọ́n ṣẹ̀ náà ń pàdánù.

Kíákíá kì í ṣe wàràwàrà

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ohun tí mo ń tọrọ ni kí wọ́n máa sáré dá ẹjọ́. A ti rí ìyẹn náà. Ní 1984, ìjọba ológun ṣe Òfin Ogún, ìyẹn Decree 20, tó sọ ọ̀ràn oògùn olóró di ikú. Wọ́n fi ọjọ́ òfin náà sẹ́yìn kí ó lè mú ohun tí ènìyàn ti ṣe kí wọ́n tó kọ ọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin, 1985, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta ní Èkó lábẹ́ òfin yìí: Bartholomew Owoh, Bernard Ogedengbe àti Lawal Ojuolape. Ìgbìmọ̀ àkànṣe ló dá ẹjọ́ wọn, kì í ṣe kóòtù tí a mọ̀. Àwa tó ti dàgbà nígbà náà rántí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe mi ìlú. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ìjọba mìíràn yọ ìjìyà ikú náà kúrò. Àwọn mẹ́ta yẹn kò jí.

Lónìí, abala 36 ìwé òfin wa sọ pé a kò gbọdọ̀ fi òfin tí kò tíì sí lánàá jẹ ẹnikẹ́ni níyà lórí ohun tó ṣe lánàá. Abala kan náà ló sọ pé kí ìgbẹ́jọ́ wáyé ní gbangba láàárín àkókò tó tọ́, àti pé aláìlẹ́bi ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí ẹ̀rí yóò fi hàn pé ó jẹ̀bi. Ìyára àti ẹ̀tọ́ jọ ń rìn ni. Ẹnì kan kò gbọdọ̀ já èkejì sílẹ̀.

Kí ló ń fa ìdádúró?

Ọ̀nà jíjìn wà níbẹ̀. Ẹlẹ́rìí tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n ti gbé lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, wà níbẹ̀. Lọ́yà tó ń tọrọ ọjọ́ mìíràn wà níbẹ̀. Nígbà mìíràn, wọ́n á gbé adájọ́ ga sí Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ẹjọ́ á sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ adájọ́ tuntun. ACJA gbìyànjú láti jẹ́ kí irú adájọ́ bẹ́ẹ̀ parí ẹjọ́ tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún 2020, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní ìyẹn lòdì sí ìwé òfin.

Béèlì tí kò ṣeé gbà sì tún wà. Adájọ́ á ní kí onídùúró jẹ́ ọ̀gá ìjọba tó ti dé ipele 16, tàbí kó ní ilé tó ní C of O nílùú tí kóòtù wà. Ilé baba wa ní Kìṣí, orí ilẹ̀ ẹbí ló wà. Kò sí ẹni tó gba C of O fún un. Nítorí náà, béèlì wà nínú ìwé, ọmọ wà ní àtìmọ́lé. ACJA abala 165 sọ pé àdéhùn béèlì kò gbọdọ̀ pọ̀ jù. Lọ́yà lè padà lọ bá adájọ́ pé kó dín in kù. Ó yẹ kí àwọn ènìyàn mọ èyí.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wa náà ń dájọ́

Ibi tí iṣẹ́ mi ti kàn mí nìyí. "Ẹlẹ́wọ̀n" ni a ń pe ẹni tí adájọ́ ti dá lẹ́bi, òun náà la sì ń pe ẹni tó ń retí ẹjọ́. Ṣéènì ni ẹ̀wọ̀n kó tó di ilé. Ṣéènì kì í béèrè bóyá wọ́n ti dá ẹjọ́ ẹni. "Afurasí" tí àwọn oníròyìn ń lò dára, ẹni tí a fura sí ni. Àmọ́ kí wọ́n tó gbé gbohùngbohùn kalẹ̀, ó ti di "afurasí ọ̀daràn," ìdajì etí àwa tó ń gbọ́ sì ti mú ọ̀daràn lọ sílé. A lè sọ pé "ó wà ní àtìmọ́lé, ó ń retí ẹjọ́." Kò gùn jù.

Èdè tún ṣe pàtàkì nínú kóòtù gan-an. Ìwé òfin sọ pé láàárín wákàtí 24, kí wọ́n fi ìwé sọ ìdí tí wọ́n fi mú ènìyàn fún un, ní èdè tó yé e. Èmi kò tíì fojú kan irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá rí. Ó tún sọ pé ògbufọ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní ìgbẹ́jọ́, láìsan owó. Bí wọ́n bá bi ọlọ́kadà wa pé, "Ṣé òótọ́ ni?" tó dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, orí ọ̀kadà mi ni wọ́n ti bá a," kò tíì sọ pé òun jẹ̀bi. Bí ògbufọ̀ bá fi gbólóhùn yẹn ṣe "ó gbà pé òun jẹ̀bi," ọdún 15 ti wọlé.

Ohun tí mo sọ fún ìyá náà

Mo ní kó má san owó fún ẹnikẹ́ni tí kò lè fún un ní rìsíìtì kóòtù. Kó kọ ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n mú ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, nítorí láti ọjọ́ yẹn ni oṣù méjì ti bẹ̀rẹ̀. Kó wá lọ́yà. Bí kò bá sí owó, kó lọ bá Legal Aid Council, iṣẹ́ wọn ni láti dúró fún tálákà. Bí àkókò bá kọjá láìsí ẹjọ́, lọ́yà lè gba abala 46 lọ sí kóòtù gíga láti béèrè ẹ̀tọ́ ọmọ náà. Bí wọ́n bá sì fún un ní béèlì, kó rí i pé ọmọ náà ń lọ ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá pè é. Ẹni tó bá sá, kóòtù á ní kí wọ́n mú un, onídùúró á sì fi ohun tó ní dí i.

Bóyá ọmọ yẹn mọ ohun tó wà nínú àpò, bóyá kò mọ̀, èmi kò lè sọ. Kì í ṣe iṣẹ́ mi. Ìyá rẹ̀ náà kò bi mí nípa rẹ̀. Nígbà tó tún wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó kúnlẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ní, "Bàbá, ọjọ́ wo ni wọ́n máa gbé e lọ síwájú adájọ́?"